Àwọn Tó Ń Ka Owó Ọrẹ

Iṣẹ́ àwọn tó ń ka owó ọrẹ lẹ́yìn ìsìn wù mí púpọ̀. Ẹnìkan kì í dá a kà. Wọ́n á da àpò ọrẹ sórí tábìlì lójú ara wọn, wọ́n á tẹ́ owó tó ti rún, ₦1,000 lọ́tọ̀, ₦200 lọ́tọ̀. Ẹnìkan á kà á, ẹlòmíràn á tún un kà. Bí iye rẹ̀ kò bá dọ́gba, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, ebi ọ̀sán ìbáà máa pa wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé, tí gbogbo wọn á buwọ́ lù ú. Pọ́ọ̀lù náà, nínú 2 Kọ́ríńtì 8, rán àwọn mìíràn tẹ̀ lé Títù nítorí irú owó bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ẹ̀sùn kà sí wọn lọ́rùn. Ìjọ tí ẹnìkan ṣì ń dá ka tirẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yan ẹnìkejì tì í.