Ìwé Inú Àká: Nípa Títọ́jú àti Títẹ̀ Ewì Àtijọ́ Ilẹ̀ Gujarat

Ní ilẹ̀ Gujarat, ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, Adi Kavi ni oyè tí wọ́n fi ń pe Narsinh Mehta, akéwì ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni akéwì àkọ́kọ́. Bí ó bá ṣe ti ìfẹ́ tí tọmọdé tàgbà ní sí orin rẹ̀ ni, oyè náà tọ́ sí i. Bí ó bá ṣe ti ọjọ́ orí ni, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1185, nígbà tí ó ṣì ku igba ọdún ó lé kí a tó bí Narsinh, ni Shalibhadra Suri, ọ̀kan nínú àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Jain tí wọ́n kọ ilé àti ohun ìní sílẹ̀, ti kọ Bharateshvara Bahubali Rasa, ewì gígùn ní èdè tí ó bí Gujarati òde òní. Ewì náà kò sọnù láti ìgbà náà wá. Inú àpótí ni ó wà, aṣọ ni a fi wé e, ilẹ̀kùn sì wà ní títì mọ́ ọn.

Bhandar ni orúkọ àwọn ilé tí a ń kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí. A lè pè é ní àká ìwé. Àwọn tí ó lókìkí jù wà ní Patan àti Khambhat ní Gujarat, àti ní Jaisalmer ní Rajasthan, láàárín aṣálẹ̀. Ewé ọ̀pẹ tí a gé gbọọrọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ̀wé sí. Wọn a lu ihò sí i, wọn a fi okùn so ó, wọn a sì fi pákó méjì há a láàárín. Láti ọ̀rúndún kẹrìnlá ni bébà ti ń gba ipò ewé. Lójú àwọn ẹlẹ́sìn Jain, ẹni tí ó san owó fún adàwékọ ti ṣe iṣẹ́ rere tí èrè rẹ̀ yóò bá a kẹ́yìn, nítorí náà ni àwọn oníṣòwò ọlọ́rọ̀ kò ṣe háwọ́. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn òjò, ni ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní Jnana Panchami máa ń pé, tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ìwé, tí wọ́n ń nu eruku ara rẹ̀, tí wọ́n sì ń tún un wé. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ọ̀rinrin àti kòkòrò ń fi ojú ìwé rí yóò gbà pé ọlọ́gbọ́n ni ó dá ọdún yìí sílẹ̀.

Àwọn kan a máa wí pé ìwé ẹ̀sìn tiwọn nìkan ni àwọn Jain pa mọ́. Ẹ̀sùn yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí Georg Bühler àti Hermann Jacobi, ọ̀mọ̀wé Jámánì méjì, dé Jaisalmer ní ọdún 1874, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni ewì Sanskrit tí Bilhana, Brahmin ará Kashmir, fi yin ọba kan ní ìhà gúúsù. Bühler tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1875. Èrè kí ni ó wà fún àwọn Jain nínú oríkì ọba náà? Síbẹ̀, àká wọn ni ó gbà á là.

Ẹ̀sùn tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni ti ilẹ̀kùn. Ìwé tí a ń bọ̀wọ̀ fún kì í pẹ́ di ìwé tí a kì í kà mọ́, àlejò tí ó bá sì fẹ́ kà á, sùúrù rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tán. Kì í ṣe pé ìfura àwọn olùtọ́jú kò nídìí. Vasanta Vilasa, ewì ìfẹ́ ní ìgbà ìrúwé tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tí ó kọ ọ́, tí kò sì sí ẹ̀kọ́ Jain kankan nínú rẹ̀, ni wọ́n dà kọ ní Ahmedabad ní 1451 sórí aṣọ gígùn tí ó kún fún àwòrán. Ilé Freer ní Washington ni aṣọ náà wà lónìí.

Ajẹ́jẹ̀ẹ́ Jain méjì ni ó ṣí ilẹ̀kùn náà jù lọ. Muni Jinavijaya ni olótùú àkọ́kọ́ fún ọ̀wọ́ ìwé Singhi, nínú èyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé àfọwọ́kọ ti di ìwé títẹ̀. Muni Punyavijaya, tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà á láyè láti wọ ọkọ̀, dé Jaisalmer ní 1950. Òun àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ to àwọn ewé tí ó ti dà pọ̀, wọ́n sì kọ orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Àtẹ̀yìnwá, ní Baroda, C. D. Dalal ti ṣe àkójọ àwọn ewì Gujarati àtijọ́ tí ó jáde ní 1920, ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìyìn ni ó yẹ gbogbo wọn.

Iṣẹ́ tí ó tóbi jù ni ó mú ìṣòro tí ó jinlẹ̀ jù wá. Mohanlal Dalichand Desai, agbẹjọ́rò ní Bombay, fi ìwé mẹ́ta tí ó pè ní Jain Gurjar Kavio jáde ní 1926, 1931 àti 1944. Ó to àwọn akéwì náà ní ọ̀rúndún dé ọ̀rúndún, ó sì tẹ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ewì wọn. Ọgbọ́n wà nínú èyí, nítorí pé ìparí ni akéwì ti máa ń dárúkọ olùkọ́ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ọdún tí ó kọ ewì náà. Ṣùgbọ́n kí ni ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀? Ìjúbà ni. Kí ni ó wà ní ìparí? Orúkọ olùkọ́ àti àdúrà ni. Ẹni tí ó bá ka orí àti ìrù nìkan kò ṣe ní sọ pé ìwàásù ni gbogbo rẹ̀? Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti lé àwọn ewì wọ̀nyí sẹ́yìn nínú ìtàn lítíréṣọ̀, bí ẹni pé ẹ̀sìn àti ewì kò lè jọ gbé inú ilé kan.

Kí olúwarẹ̀ ka àárín ewì Shalibhadra wò. Bharata ti ṣẹ́gun gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ohun ìjà rẹ̀ tí ó rí bí àgbá kẹ̀kẹ́ kọ̀, kò wọ ìlú, nítorí pé Bahubali àbúrò rẹ̀ kò tíì forí balẹ̀. Ìránṣẹ́ lọ, ìránṣẹ́ bọ̀ pẹ̀lú èsì tí ó ta bí ata. Ẹṣin ń kọ, erin ń ké, ilẹ̀ ń mì. Nígbà tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò wá dojú kọ ara wọn, àbúrò borí. Ó gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè láti lu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ náà dúró lókè, kò lè sọ ọ́ kalẹ̀ lásán, ó sì fi ọwọ́ kan náà fa irun orí ara rẹ̀ tu, ó di ajẹ́jẹ̀ẹ́. Oníwàásù lásán ì bá ti sáré dé ibi irun. Shalibhadra jẹ́ kí ariwo ogun pẹ́ ní etí, kí ìdákẹ́ ọkùnrin kan lè wúwo. Akéwì ni ó mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ í ṣe.

Ti Narsinh yàtọ̀. Ẹnu ni àwọn orin rẹ̀ gbé, èdè wọn sì ń yí padà bí ẹnu ti ń gbà á fún ẹnu, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro láti mọ ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde. Ọ̀kan ní olórin, kò ní ìwé. Èkejì ní ìwé, kò ní òǹkàwé.

Láàárín 1986 àti 1997, Jayant Kothari tún iṣẹ́ Desai ṣe, ó di ìwé mẹ́wàá. Ó ṣe àtúnṣe púpọ̀ sí i, ṣùgbọ́n orí àti ìrù náà ni ó ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ewì ni ó wà nínú rẹ̀ tí ó jẹ́ pé ẹni tí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ wọn bá dùn mọ́, tí ó sì fẹ́ mọ èyí tí ó tẹ̀ lé e, yóò ní láti lọ sí Patan.