Ọgbọ́n Ìrìn Ọjọ́ Méjì: Láti Anié sí Lomé
Mo mọ rírì ẹni tó mọ ètò ìrìn ṣe. Ará Anié ní Togo tó fẹ́ fi ọjọ́ méjì najú ní Lomé, ìlú èbúté, á ti dé ibùdókọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Apá ọ̀tún ọkọ̀ ló ń jókòó sí: gúúsù ni wọ́n dorí kọ, apá òsì sì ni oòrùn àárọ̀ ń pa. Atakpamé, Notsé, ó di Lomé. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Blitta wá sí Lomé ni wọ́n ń wọ̀.

Bó ṣe ń pín àkókò ló wú mi lórí jù. Ọjà ńlá ló kọ́kọ́ ń ná, kí ooru tó mú; ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí àwọn ará Jámánì kọ́ ní 1902 kò jìnnà síbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ti etíkun. Níbẹ̀ ló ti ń wo àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń dúró de àyè ní èbúté tí wọ́n ṣí ní 1968, ṣùgbọ́n kì í lúwẹ̀ẹ́, torí omi ibẹ̀ ń fa ènìyàn lọ. Ó fi ọ̀sán sílẹ̀ fún ìbátan tó máa ní kó jókòó jẹun. Owó ọkọ̀ ìpadàbọ̀ sì ti wà lọ́tọ̀ kó tó kúrò nílé.