Àlàfo Inú Ìtàn: Àbá Àwọn Agbágéèmù àti Ìtàn Amina ti Zazzau

Láàrin àwọn tó ń gbá géèmù, ìyẹn eré orí kọ̀ǹpútà tàbí orí tẹlifíṣọ̀n tí ẹni tó ń gbá a fúnra rẹ̀ ń darí ẹ̀dá-ìtàn inú rẹ̀, àṣà kan ti fìdí múlẹ̀ tí àwọn kan kà sí ọgbọ́n, tí àwọn mìíràn sì kà sí àfiṣòfò: ẹni tó gbá géèmù tán a kó àwọn ẹ̀rí kéékèèké tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ jọ, a sì fi wọ́n gbé àbá kalẹ̀ lórí ohun tí ìtàn náà kò sọ síta. Ẹjọ́ tí àwọn alátakò àṣà yìí ń rò kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní ẹ̀dá inú géèmù kò gbé ayé rí, pé kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ohun tí àwọn tó ṣe géèmù fi síbẹ̀, àti pé ẹni tó ń wádìí ohun tí wọn kò kọ ń wá ohun tí kò sọnù. Ìlú Zaria ní àríwá Nàìjíríà jẹ́ ibi tó dára láti ti dá wọn lóhùn, nítorí pé ìtàn tí ìlú náà fi ń yangàn jù lọ kún fún àlàfo, àwọn onímọ̀ sì ti ń gbé àbá kalẹ̀ lórí àwọn àlàfo náà kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí géèmù ń jẹ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo bí àbá agbágéèmù ṣe ń rí nígbà tó bá dára. Dark Souls, tí ilé-iṣẹ́ FromSoftware ti ilẹ̀ Jàpáànù gbé jáde ní 2011 lábẹ́ ìdarí Hidetaka Miyazaki, kì í fi bẹ́ẹ̀ ròyìn ìtàn rẹ̀ tààrà. Inú ọ̀rọ̀ ṣókí tí wọ́n kọ mọ́ òrùka, idà àti ẹ̀wù tí agbágéèmù bá rí he ni ọ̀pọ̀ ìtàn náà wà. Òrùka kan sọ pé àkọ́bí Gwyn, olúwa oòrùn, jẹ́ òrìṣà ogun, ṣùgbọ́n pé ìwà òmùgọ̀ rẹ̀ mú kí wọ́n gba ipò òrìṣà lọ́wọ́ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Ní ibòmíràn nínú géèmù kan náà, pẹpẹ oòrùn kan wà tí ère orí rẹ̀ ti fọ́, kò sì sẹ́ni tó sọ ẹni tó fọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ agbágéèmù so nǹkan méjèèjì pọ̀ mọ́ Solaire, jagunjagun onínúure tó ń wá oòrùn tirẹ̀ káàkiri, wọ́n sì gbà pé òun ni àkọ́bí tó sọnù. Nígbà tí Dark Souls III jáde ní 2016, ọba kan tí kò lórúkọ hàn nínú rẹ̀, òrìṣà ogun tó ti ń pa dírágónì tẹ́lẹ̀ kó tó wá bá wọn dọ́rẹ̀ẹ́, gbogbo àmì àkọ́bí Gwyn sì bá a mu ju Solaire lọ. Báyìí ni àbá àtijọ́ ṣe wó. Ẹni tó bá fi wíwó yìí ṣe ẹ̀rí pé òfo ni àbá ti ṣìnà, nítorí pé àwọn tí àbá wọn wó ni wọ́n kọ́ àwọn yòókù láti ka òrùka láìfo ọ̀rọ̀ kan, láti dúró níwájú ère tó fọ́, kí wọ́n sì béèrè ìdí tí ó fi fọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ bá ka ìwé báyìí, alámèyítọ́ ni a ó pè é.

Miyazaki fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun máa ń ka ìwé ìtàn àròsọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí agbára òun kò ká, tí òun sì máa ń fi ọkàn ara òun dí ibi tí kò bá yé òun. Àlàfo inú géèmù rẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe tàbí ìmẹ́lẹ́, ìlànà iṣẹ́ ọnà ni, àbá sì jẹ́ apá kan ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá gbá a.

Ní ti Amina, ọmọ ọba Zazzau, ìyẹn ìjọba Zaria, kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ dá àlàfo sínú ìtàn rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lára odi àtijọ́ tó yí Zaria ká, tí àwọn Hausa ń pè ní ganuwar Amina, ó sì wà lára ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Samaru. Síbẹ̀, ẹni tó bá béèrè ìgbà tó jọba yóò gba ìdáhùn méjì tó jìnnà síra. Ìwé Ìtàn Kano, èyí tí H. R. Palmer tú sí èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì tẹ̀ jáde ní 1908, dárúkọ rẹ̀ lábẹ́ ìjọba Dauda ọba Kano, tí wọ́n fi sí 1421 sí 1438. Ìwé náà ní ọba Nupe fi ìwẹ̀fà 40 àti obì 10,000 ránṣẹ́ sí i, pé Amina ló kọ́kọ́ ní ìwẹ̀fà àti obì ní ilẹ̀ Hausa, àti pé ọdún 34 ló fi ń ṣẹ́gun ìlú. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Zazzau ní tirẹ̀ fi í ṣe ọmọ Bakwa Turunku, ẹni tí wọ́n fi ìjọba rẹ̀ sí 1536, wọ́n sì fi ìgorí-oyè Amina sí 1576, lẹ́yìn ọba Karama. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tó wà láàrin ìdáhùn méjèèjì. Bakwa pàápàá, àwọn kan sọ pé ọkùnrin ni, àwọn mìíràn sọ pé obìnrin ni.

Ohun tó yẹ kí alámèyítọ́ fiyè sí níhìn-ín ni bí obì náà ṣe di ẹ̀rí. Nínú Ìwé Ìtàn Kano kan náà, ìjọba Yakubu, tí kò pẹ́ púpọ̀ sí ti Dauda, ni àwọn oníṣòwò Gonja bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí Katsina, ọjà obì sì ni ilẹ̀ Gonja fi lókìkí. Ẹni tó gbà pé Amina jẹ́ ti ìgbà àtijọ́ lè sọ pé obì àti ọjọ́ ìjọba bára mu. Ẹni tó gbà pé ó jẹ́ ti ìgbà tó sún mọ́ wa lè dáhùn pé òǹkọ̀wé náà ń wá bí obì ṣe dé ilẹ̀ rẹ̀, ó sì fi orúkọ tó gbajúmọ̀ jù kọ́ ọ. Àbá kejì yìí lè má rí ẹ̀rí tó péye láé, ṣùgbọ́n ó ti sọ iye tí òǹkàwé ìbá fò kọjá bí ọ̀ṣọ́ ọ̀rọ̀ di ohun tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìṣòwò, nípa ìṣákọ́lẹ̀ àti nípa ohun tí ọkàn òǹkọ̀wé ń fẹ́. Bákan náà ni ìtàn tó gbilẹ̀ pé ní gbogbo ìlú tí Amina bá ṣẹ́gun ló ti ń mú ọkùnrin kan fún alẹ́ kan, tí ó sì ń pa á ní òwúrọ̀. Ìwé Ìtàn Kano kò sọ irú rẹ̀. Àbá pé àwọn tí kò lè fara mọ́ obìnrin tó ń darí ogun láìní ọkọ ló fi kún un lẹ́yìn wá jẹ́ àbá gidi, nítorí pé ìwé àtijọ́ kan tó bá gbé ìtàn náà jáde lè sọ ọ́ di irọ́ lọ́jọ́ kan.

Ibi tí òfo ti ń wọlé gan-an ni ibi tí àbá kò ti ní ẹ̀rí tó lè dójú tì í mọ́. Nígbà tí Mass Effect 3 ti ilé-iṣẹ́ BioWare jáde ní oṣù kẹta 2012, ìparí rẹ̀ bí ọ̀pọ̀ agbágéèmù nínú, àwọn kan sì gbé àbá kalẹ̀ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìparí náà kì í ṣe òótọ́, pé àwọn Reaper, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ abẹ̀mí tó fẹ́ pa ẹ̀dá run, ti ń gba ọkàn Shepard, ẹ̀dá-ìtàn tí agbágéèmù ń darí, díẹ̀díẹ̀. Àbá yìí ní ẹsẹ̀ tó fi dúró: ní ìbẹ̀rẹ̀ géèmù, ọmọdékùnrin kan ń tiraka láti gun ọkọ̀ òfuurufú àwọn tó ń sá àsálà, àwọn ọmọ ogun wà níbẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó nawọ́ sí i, bí ẹni pé Shepard nìkan ló ń rí i, lẹ́yìn náà, ọmọ yìí ń wá bá a lójú àlá, láàrin òjìji àti ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí géèmù náà ti júwe gẹ́gẹ́ bí àmì ẹni tí wọ́n ń gba ọkàn rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún náà, BioWare fi àfikún sí ìparí náà lọ́fẹ̀ẹ́, àfikún náà sì fi ohun gbogbo hàn bí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Àwọn tó sọ lẹ́yìn èyí pé àfikún náà pàápàá jẹ́ apá kan ìtànjẹ ọkàn Shepard ti kúrò nídìí iṣẹ́ kíkà, wọ́n ti bọ́ sídìí ìgbàgbọ́. Irú kan náà ni ọ̀rọ̀ tó ń jà ràìn-ràìn pé Amina ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe Xena, jagunjagunbìnrin inú eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1995, nítorí pé àwọn tó ń sọ ọ́ kì í tọ́ka sí ibì kan pàtó nínú eré náà tí a lè lọ yẹ̀ wò.

Ìyàtọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Bí Amina bá jọba, ó jọba ní ọjọ́ kan pàtó, yálà a mọ̀ ọ́n tàbí a kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àkọ́bí Gwyn kò ní ọjọ́ ìbí kankan ní ayé yìí. Nítorí náà, ìbéèrè tó tọ́ lórí àbá agbágéèmù ni bóyá ara iṣẹ́ náà lè gbé e, láìjẹ́ pé a já òmíràn nínú iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bí àwọn alámèyítọ́ ṣe ń yẹ ìtumọ̀ ewì wò nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń sọ fún wọn pé akéwì nìkan ló mọ̀.

Ní oṣù kejì 2025, Amina fúnra rẹ̀ wọ inú géèmù Civilization VII ti ilé-iṣẹ́ Firaxis, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn olórí tí agbágéèmù lè yàn. Nínú géèmù yìí, wọ́n ti ya olórí sọ́tọ̀ kúrò lára orílẹ̀-èdè, débi pé Amina lè di olórí Róòmù tàbí ti Íjíbítì àtijọ́ bó bá wu agbágéèmù. Ó dára kí ọ̀dọ́ kan ní Samaru tàbí ní Sábó rí ọmọ ọba ìlú rẹ̀ láàrin àwọn olórí ayé. Ṣùgbọ́n àwòrán tó ń dán tí kò ní ojú àpá ń fi ọjọ́ méjì tí kò bára mu pamọ́, ó ń fi ọ̀rọ̀ Bakwa pamọ́, ó sì ń fi obì 10,000 pamọ́. Àwọn agbágéèmù tó fi ọdún márùn-ún jiyàn lórí òrùka kan ti ní irinṣẹ́ tí wọ́n lè fi tú àwọn nǹkan wọ̀nyí síta, ó sì yẹ kí àwọn olùkọ́ ìtàn ní Zaria pè wọ́n sídìí Ìwé Ìtàn Kano kí wọ́n wá fi ṣiṣẹ́.