Agboolé Mẹ́sàn-án Tí Howard Garns Kọ́

Èrò kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàrin àwọn ojúgbà wa tó ń ṣe lámèyítọ́ àlọ́ onínọ́ńbà, pé Sùdókù kì í ṣe nǹkan tuntun rárá. Wọ́n ní pátákó tí Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò, kọ̀wé lé lórí ní 1782 náà ni, níbi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ti ń wà lẹ́ẹ̀kan péré nínú ìlà ìbú àti ìlà òró kọ̀ọ̀kan, pé ẹnìkan kàn fi ìlà dúdú pín in sí mẹ́sàn-án kó lè wu ojú ni. Bí wọ́n bá sọ èyí tán, wọn a gbé oríyìn fún Euler, wọn a fi èyí tó kù ta àwọn ará Japan lọ́rẹ, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ àsọtúnsọ yìí, kò sì tọ̀nà nígbà kan rí. Ẹni tó bá yọ ìlà dúdú wọ̀nyẹn kúrò ti yọ ọkàn àlọ́ náà. Yàrá ni n ó máa pe ojú kọ̀ọ̀kan nínú ojú 81 tó wà lórí pátákó. Agboolé sì ni yàrá mẹ́sàn-án tí ìlà dúdú yí ká, tí 1 dé 9 gbọ́dọ̀ pé sínú rẹ̀. Agboolé yìí ni ẹ̀bùn Howard Garns, ẹni tí àwọn ojúgbà wa kì í dárúkọ àfi bí wọ́n bá ń sáré kọjá lọ.

Ayàwòrán-ilé tó ti fẹ̀yìn tì ni Garns, ní ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Iléeṣẹ́ Dell tẹ àlọ́ rẹ̀ jáde ní oṣù Karùn-ún 1979, wọ́n pè é ní Number Place, wọn kò sì kọ orúkọ ẹni tó pa á sí i. Will Shortz, olóòtú àlọ́ ní New York Times, ló tọpa rẹ̀: nígbàkigbà tí Number Place bá wà nínú ìwé ìròyìn Dell, orúkọ Garns máa ń wà nínú àkójọ àwọn apàlọ́, bí àlọ́ náà kò bá sí níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ kì í sí. Garns kú ní 1989, kí ayé tó mọ̀ ọ́n. Iléeṣẹ́ Nikoli ti gbé àlọ́ náà jáde ní Japan ní 1984, lábẹ́ orúkọ kan tó túmọ̀ sí pé àpọ́n ni kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́. Wọ́n tún un ṣe dáadáa: ní 1986 wọ́n pinnu pé nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 32 lọ, àti pé ibi tí a kọ wọ́n sí gbọ́dọ̀ bára dọ́gba lápá méjèèjì. Iṣẹ́ ọnà gidi nìyẹn, mo kan sáárá sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kun ilé lọ́dà kọ́ ló kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká fi iye wọn ṣe ẹ̀rí. Pátákó Euler tó ní ìbú mẹ́sàn-án àti òró mẹ́sàn-án lè jẹ́ oríṣi 5,524,751,496,156,892,842,531,225,600. Ní 2005, Bertram Felgenhauer àti Frazer Jarvis ṣe ìṣirò àwọn tó bá òfin agboolé mu, wọ́n sì rí 6,670,903,752,021,072,936,960. Ìyẹn ni pé nínú nǹkan bí 828,000 pátákó Euler, ẹyọ kan ṣoṣo ló lè wọ agboolé Garns. Ọ̀ṣọ́ wo ló ń ṣe irú ìyẹn? Àwọn kan yóò dáhùn pé ìwé ìròyìn La France ní ìlú Paris ti tẹ pátákó B. Meyniel jáde ní 1895, àti pé bí a bá pín in sí mẹ́sàn-án, 1 dé 9 pé sínú ìpín kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni. Àmọ́ kò sí ìlà kankan tó pààlà sí ìpín wọ̀nyẹn, òfin àlọ́ náà kò sì dárúkọ wọn, nítorí náà ẹni tó ń já àlọ́ kò lè gbára lé wọn láti ronú. Ilẹ̀ tí kò ní ààlà kì í ṣe agboolé, bó ti wù kí ó tẹ́jú tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù ni òrùka tí apàlọ́ ará Jámánì kan tó ń jẹ́ orúkọ àdàpè Phistomefel jẹ́ kí ayé mọ̀. Ẹ mú ìlà òró 1, 2, 8 àti 9 pọ̀. Ẹ tún mú ìlà ìbú 3 àti 7 pọ̀ mọ́ agboolé méjì tó wà láàrin òkè àti ìsàlẹ̀, ọ̀kan lápá òsì, èkejì lápá ọ̀tún. Yàrá 36 ló wà nínú àpapọ̀ kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Yàrá 20 ni àpapọ̀ méjèèjì jọ ní. Bí a bá yọ 20 yìí kúrò níhìn-ín lọ́hùn-ún, yàrá 16 ló máa kù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: mẹ́rin-mẹ́rin ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pátákó nínú ti àkọ́kọ́, òrùka tó yí agboolé àárín ká nínú ti ìkejì. Ó di dandan kí nọ́ńbà tó wà ní àwọn igun náà jẹ́ èyí tó wà lórí òrùka, láìdín láìlé. Kò sí òfin tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti wà lórí gbogbo Sùdókù láti 1979. Ẹ wá a lọ sórí pátákó Euler. Ẹ kọ 1 dé 9 sí ìlà ìbú kìíní, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìkejì láti 2, ìkẹta láti 3, títí dé ìkẹsàn-án: 9 yóò wà ní igun lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni yóò wà lórí òrùka. Agboolé méjì tó dúró ní òsì àti ọ̀tún ló gbé òrùka náà ró. Ẹ yọ wọ́n, òrùka já.

Peter Ritmeester ṣe bíi ti Garns ní 2005, nígbà tí ìwé ìròyìn NRC Handelsblad ní Netherlands gbé àlọ́ rẹ̀ jáde. Ó fa agboolé mẹ́rin mìíràn sáàrin mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, ní ìlà 2 sí 4 àti 6 sí 8, ní ìbú àti ní òró. Ẹni tó bá fara balẹ̀ yóò rí i pé márùn-ún mìíràn ti bá wọn wọlé láìpè. Ní ìlà ìbú 2, 3 àti 4, agboolé tuntun méjì gba yàrá 18. Mẹ́sàn-án tó kù, ní òró 1, 5 àti 9, kò lè ṣe kó má ní 1 dé 9. Ó fa mẹ́rin, ó rí mẹ́sàn-án.

Àtakò tó lágbára jù ni àlọ́ Mitchell Lee tí Simon Anthony já ní oṣù Karùn-ún 2020 lórí ìkànnì fídíò Cracking the Cryptic. Nọ́ńbà méjì péré, 1 àti 2, ló wà lórí pátákó. Lẹ́yìn òfin Sùdókù, yàrá méjì tí ọba tàbí ẹṣin inú eré ṣẹ́ẹ̀sì lè fi ìṣísẹ̀ kan lọ láti ọ̀kan dé èkejì kò gbọdọ̀ ní nọ́ńbà kan náà, nọ́ńbà tó tẹ̀léra kò sì gbọdọ̀ fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Ó yẹ kí àlọ́ yìí pa àwọn tó ń fi iye nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ díwọ̀n ọnà lẹ́nu mọ́. Láti ìgbà tí Gary McGuire àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dublin ti fi hàn ní 2012 pé Sùdókù lásán kò lè ní nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ tó dín sí 17, ṣe ni àwọn adíwọ̀n yìí ń ka 17 káàkiri bí ẹni pé iye yẹn ni ẹwà. Ṣùgbọ́n ó kan èmi náà. Àwọn alátakò mi yóò ní òfin ẹṣin àti òfin ọba ló ṣe iṣẹ́ níhìn-ín, pé agboolé kàn jókòó lásán ni. Mo gbà pé kì í ṣe gbogbo ààlà ni a ń fi ìlà dúdú fà. Àwọn òfin yẹn fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní ọgbà tirẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ dín ohun tí mo sọ kù dé ibẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ìdáhùn àlọ́ náà fínnífínní. 4 8 3 7 2 6 1 5 9 ni ìlà ìbú kìíní: 4 sọ̀kalẹ̀ dé 1, 8 sọ̀kalẹ̀ dé 5 láàrin wọn, 9 gbẹ́yìn. Orin kan náà ni ìlà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ń kọ, ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti gbé e ló yàtọ̀. Nínú agboolé mẹ́ta òkè, 483 wà ní ìlà kìíní agboolé àkọ́kọ́, ó bọ́ sí ìlà kẹta nínú ìkejì, ó bọ́ sí ìlà kejì nínú ìkẹta. 726 àti 159 ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mẹ́ta-mẹ́ta ni orin náà ń já, ibi tó sì ti ń já ni ibi tí Garns fa ìlà sí.