Ẹja Inú Ìwé Ìṣirò Kì Í Rùn

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí olùkọ́ wo ilé tí ọmọ ti wá kó tó fún un ní ìṣirò.

Mo rí ìbéèrè kan nínú ìwé àbúrò mi: apẹja pa ẹja 40, 4 bàjẹ́, mélòó ló kù? Àbúrò mi kọ 36, ó sì gbà á. Ìdáhùn náà kò ní àbùkù, ìbéèrè náà ni mo fẹ́ bá wí. Ẹ yọ ẹja kúrò níbẹ̀, kí ẹ fi bọ́tìnnì sí i, kò sí ohun tó máa yí padà. Ẹja tí kò lówó lórí, tí kì í rùn, orúkọ lásán ni.

Ẹ wá wo Makoko ní Yábàá wa níbí, níbi tí àwọn Ègùn àti Ìlàjẹ ti ń pẹja lórí ọ̀sà, tí àwọn obìnrin sì ń yan ẹja tà. Ká ní ìyá kan ra ẹja 40 ní ₦30,000, ó tún ra igi ìdáná ₦4,000. Ẹja 4 bàjẹ́ lórí iná. Oníbàárà dé, ó ní ₦900 lòun máa san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé kí ìyá gbà? Ẹja 36 ní ₦900 jẹ́ ₦32,400, bẹ́ẹ̀ ₦34,000 ló ná. Ó pàdánù ₦1,600 nìyẹn. Bó bá dúró lórí ₦1,000, ó jèrè ₦2,000. Àròpọ̀, àyọkúrò àti ìsọdipúpọ̀ ló wà nínú ìbéèrè kan ṣoṣo yìí, oúnjẹ alẹ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tó ń ṣe irú èyí lójoojúmọ́ nídìí ọjà, òun la tún lè máa pè ní olódo ní kíláàsì.

Kì í ṣe Èkó nìkan. Ní 1985, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann tẹ ìwádìí wọn jáde lórí ọmọ márùn-ún tó ń tajà nígboro Recife, ní Brazil. Nídìí ọjà, àwọn ọmọ náà gba nǹkan bí 98 nínú 100. Nígbà tí wọ́n fi ìtàn gbé irú ìṣirò kan náà kalẹ̀ fún wọn bíi ti ilé ìwé, wọ́n gba 74. Nígbà tó di nọ́ńbà lásán, 37 péré. Orí kan náà ni o!

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò ní kí ẹ̀kọ́ parí sórí ẹja. Ọmọ apẹja lè fẹ́ di ẹnjiníà, nọ́ńbà lásán sì ń dúró dè é nínú ìdánwò. Kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ látorí ẹja, kó kọ ohun tí ọmọ náà fi orí ṣe sójú pátákó, kó fi hàn án pé òun gan-an ni ìwé ń pè ní ìsọdipúpọ̀. Lẹ́yìn náà ni kó rọra yọ ẹja kúrò.

Mo padà bi àbúrò mi pé, bí ẹja 36 yẹn bá jẹ́ tirẹ̀, èló ló máa ta ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, èló ni wọ́n ra gbogbo rẹ̀?"

Ìwé rẹ̀ kò sọ.