Orin Àjókòógbọ́: Ariwo, Àsìkò àti Owó nínú Iṣẹ́ Lámèyítọ́ Orin Jùjú

Ó ti di àṣà láàrin àwọn lámèyítọ́ tí ń kọ̀wé nípa orin ìgbàlódé Yorùbá láti máa fi bí eré ṣe pẹ́ tó àti bí ìró rẹ̀ ṣe ròkè tó díwọ̀n iyì rẹ̀. Olórin tí ó bá kọrin mọ́jú ni akin. Ẹgbẹ́ tí ìró rẹ̀ bá dé àdúgbò kẹta ni ó lágbára. Ẹni tí ó bá fẹ́ jókòó sórí àga tí ó ní ìfẹ̀yìntì, tí ó fẹ́ gbọ́ orin fún wákàtí kan péré, kí ó san owó tí agbára rẹ̀ ká, kí ó sì tètè padà sílé, kì í sábà rí àyè nínú irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ mẹ́nu bà á, wọn a ní ọ̀làjú Òyìnbó ni ó ń dà á láàmú, pé àga àti ìfarabalẹ̀ kì í ṣe ti Yorùbá. Èrò yìí kò bá ìtàn mu. Èyí tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kí lámèyítọ́ gbójú fo ohun tí ariwo ń ṣe sí ọ̀rọ̀ inú orin, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ó ń tú palẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ orin jùjú fúnra rẹ̀ ta ko èrò náà. Ní Èkó, ní àwọn ọdún 1930, ní àdúgbò Olówógbowó tí àwọn Sàró pọ̀ sí, ni Túndé King ti gbé orin yìí jáde. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ju ènìyàn mẹ́ta lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó di mẹ́rin: ẹni tí ó ń ta gìtá-bánjò tí ó sì ń lé orin, ẹni tí ó mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ẹni tí ó mú ìlù kékeré tí wọ́n ń pè ní jùjú. Pálọ̀ àwọn ọ̀tọ̀kùlú Èkó wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣeré. Kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn níbẹ̀. Ohùn ènìyàn, okùn gìtá àti ìlù tí ọwọ́ kan ń gbá ni ó kún yàrá, yàrá náà kò sì béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Parlophone gba orin rẹ̀ sílẹ̀ ní 1936, ojú kan àwo ìgbà náà kò lè gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Christopher Waterman, tí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn jùjú jáde ní 1990, kọ nípa eré inú pálọ̀ yìí ní kíkún. Ó ya ni lẹ́nu nígbà náà pé àwọn tí ń tọ́ka sí ìwé rẹ̀ láti fi ìdí agbo àríyá òru múlẹ̀ kì í sábà tọ́ka sí apá yẹn.

Kì í ṣe jùjú nìkan. Sákárà, orin tí gòjé àti ìlù amọ̀ pẹlẹbẹ ń gbé, jẹ́ orin àtẹ́tísí fún àgbà. Ẹsẹ̀ kì í yá nínú rẹ̀, etí ni iṣẹ́ wà fún. Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọ̀gá nínú àpàlà, a máa jókòó kọrin ni, àwọn onílù, alágídìgbo àti elégbè rẹ̀ yóò sì jókòó yí i ká bí ìlàjì òṣùpá. Bí olórin bá jókòó, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ó ń gbọ́ ọ?

Ìfarabalẹ̀ tí wọ́n ń sọ yìí kì í ṣe ìdákẹ́rọ́rọ́ ilé ẹjọ́ o. Àwọn agbọ́rin inú pálọ̀ ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń dá olórin lóhùn nígbà tí ó bá pa òwe. Ẹni tí ó bá ń dáhùn gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ gbọ́.

Báwo wá ni eré ṣe di òru mọ́jú? Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni gángan wọ inú jùjú, tí gìtá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba iná mànàmáná. Ìlù tí ó ń sọ̀rọ̀ wá ní láti bá gìtá tí a fi ẹ̀rọ gbé sókè du àyè. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo rọ̀bì ya wọ ìlú, ẹgbẹ́ Ebenezer Obey àti ti Sunny Adé gbòòrò. Ọ̀pọ̀ gìtá, ọ̀pọ̀ gángan, elégbè bí ilẹ̀ bí ẹní. Àwo orin tuntun sì ti fàyè gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ní ojú kan, àwọn ọ̀gá wọ̀nyí sì ń fi orin so mọ́ orin títí ojú àwo yóò fi kún. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àti àwo kọ́ ni ó ṣe kókó jù. Owó ni.

Ní òde àríyá, agbọ́rin kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì. Olóde ni ó gbé ẹgbẹ́ wá, àsansílẹ̀ rẹ̀ kì í sì í tó owó gbogbo àwọn tí ó wà lórí ìtàgé. Èyí tí ó kù wà nínú àpò àwọn àlejò, ọ̀nà tí olórin sì lè gbà fà á jáde ni kí ó pe orúkọ wọn, kí ó ki ìdílé wọn, kí wọ́n bọ́ síwájú, kí wọ́n lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Orúkọ kan ń pe orúkọ mìíràn níjà. Bí ó bá ki Lágbájá tí kò ki Tàmẹ̀dù, ọ̀rọ̀ dé. Orin tí ó bá tètè parí nínú ètò báyìí ti pàdánù owó. Orin tí kò bá ròkè dé ẹ̀yìn agọ́ kò ní fa ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn jáde. Nítorí náà, gígùn òun ariwo tí lámèyítọ́ ń pè ní ìdánimọ̀ ẹwà Yorùbá jẹ́, ní apá kan tí kò kéré, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gba owó iṣẹ́. Kò sí àbùkù nínú ìyẹn. Olórin gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n kí wọ́n pè é ní orúkọ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ tí agbọ́rin rò pé òun gbà wọlé náà kì í ṣe ọ̀fẹ́, nígbà tí ó bá ti san owó aṣọ ẹbí, tí ó ti ṣẹ́ owó sí wẹ́wẹ́, tí ó sì ti wọ ọkọ̀ òru.

Àwọn kan yóò ní oríkì ni ó wà nídìí orin wọ̀nyí, àti pé oríkì kò lópin, pé ẹni tí ó bá gé e kúrú ti pa á lára. Iṣẹ́ Karin Barber lórí oríkì ní Òkukù, tí ó jáde ní 1991, fi hàn pé òdìkejì ni ó súnmọ́ òótọ́. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan oríkì dá dúró. Kò sí ìbẹ̀rẹ̀ tí ó di dandan, kò sí ìparí tí ó di dandan. Apohùn lè wọ̀ ọ́ láti ibikíbi, kí ó sì jáde níbikíbi. Ohun tí ó lè gùn láìlópin nítorí pé kò ní ìparí tirẹ̀ ni ó tún lè kúrú láìfọ́. Ogójì ìṣẹ́jú tó o, bí ẹni tí ó ń ki í bá mọ ohun tí ó yàn.

Ọ̀rọ̀ ohùn ni ó yẹ kí ó ká lámèyítọ́ lára jù. Ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, pẹ̀lú yíyọ̀ láàrin wọn, ni gbogbo ohun tí gángan ní láti fi ya igbá sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbà. Nínú ìmọ̀ ìró, ìró ìsàlẹ̀ tí ó bá lágbára a máa bo èyí tí ó ga jù ú lọ mọ́lẹ̀, bí agbára rẹ̀ bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni ibi tí ó ń bò ń fẹ̀ sí i. Gìtá béèsì tí wọ́n bá gbé gba inú sípíkà ńlá kò ní mú gángan fẹ́ ẹ. Yóò gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì, ìró lásán ni yóò ṣẹ́ kù. Àwọn ènìyàn yóò máa jó sí i, wọn kò sì ní mọ ohun tí ó sọ. Nígbà tí àgbà sọ pé ìlù tí ó bá dún jù, yíya ni ó ń bọ̀, àṣejù ni wọ́n ń bá wí, kì í ṣe onílù. Níhìn-ín, ó bá onílù náà wí.

Àrà kan tún wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ àtúpalẹ̀ ewì inú jùjú, àpàlà àti fújì kò gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lójú agbo. Inú yàrá ni wọ́n jókòó sí, lórí àga, wọ́n fi àwo tàbí fáìlì sínú ẹ̀rọ, wọ́n rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń dá a dúró, wọ́n ń dá a padà, títí ọ̀rọ̀ fi yé wọn. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò kọ ọ́ pé orin yìí kì í ṣe fún orí àga. Àwọn gan-an ni àwùjọ ìfarabalẹ̀ tí wọn kò kà kún. Waterman bọ́ nínú ẹ̀sùn yìí, nítorí ojú agbo ní Ìbàdàn ni ó ti ṣe ìwádìí rẹ̀.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ti ara èyí sọ pé kí gbogbo orin rọlẹ̀. Ajísàrì, tí ó bí wéré, tí wéré sì bí fújì, kò lè rọlẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jí àwọn tí ń gbààwẹ̀ lójú oorun. Bẹ̀ǹbẹ́ ìta gbangba kò wúlò nínú pálọ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé kí ìró bá iṣẹ́ mu, àti pé iṣẹ́ àtẹ́tísí jẹ́ iṣẹ́.

Ní Èkó lónìí, àyè irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Gbọ̀ngàn kékeré tí ó wà nínú ọgbà MUSON ní Oníkan bá etí mu, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tọ́ ìjókòó tirẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn dáhùn òwe. Freedom Park, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tí wọ́n sọ di ọgbà ìgbafẹ́ ní 2010, ti fìgbà kan gba eré oṣooṣù Afropolitan Vibes tí Adé Bantu dá sílẹ̀ ní 2013. Ẹmu wà, ayọ̀ wà, ṣùgbọ́n eré ìdúró tí ó ń ròkè ni. Èyí tí ó súnmọ́ pálọ̀ Túndé King jù ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láyìíká ilé ìtàwé Jazzhole ní Ìkòyí, níbi tí wọ́n ti kó àwọn àgbà olórin tí ìlú ti gbàgbé jọ lábẹ́ orúkọ Fàájì Àgbà, tí Rẹ̀mí Vaughan-Richards sì ṣe fíìmù nípa wọn ní 2015. Fátáì Rolling Dollar, tí ó kú ní 2013, wà lára wọn. Láti wo fíìmù yẹn ni láti rí i pé àwọn olórin náà fúnra wọn ti di ẹni tí ó nílò àga. Àwọn àgbà tí wọ́n kọ́kọ́ jó sí orin wọn ńkọ́, tí orúnkún ń dùn, tí etí ń wúwo, tí wọn kò lè gba orí afárá kọjá ní aago kan òru?

Owó ni yóò tún pinnu rẹ̀. Ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọn kò háyà sípíkà tàbí jẹnẹrétọ̀ ńlá kò nílò owó orí ẹni ogún. Tíkẹ́ẹ̀tì tí kò wọ́n lè tó wọn ní gbọ̀ngàn ilé ìwé tàbí ti ìjọ, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá wá. Nígbà tí owó bá sì ti wọlé lẹ́nu ọ̀nà, olórin bọ́ lọ́wọ́ pípe orúkọ. Ó lè kọ orin dé ìparí rẹ̀. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìwọ̀n dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 100 ṣe òté fún ibi eré, ó sì ní kí ibi ìsinmi fún etí wà níbẹ̀. Òté ni ìyẹn, kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí eré ti bẹ̀rẹ̀. Àgídìgbo tí Rolling Dollar fi ọdún púpọ̀ ta kò súnmọ́ ọn rárá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ta ahọ́n irin rẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ gbọ́ ahọ́n tí ó gùn jù nínú wọn dáadáa yóò ní láti fa àga rẹ̀ súnmọ́ iwájú díẹ̀.