Àkàrà Àlejò ní Òkè-Ìléwó

Bí ènìyàn bá fẹ́ rí Abẹ́òkúta ayé àtijọ́, kí ó gba Ìtòkò tàbí Aké lọ, kí ó wo àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà tí wọ́n tẹ́ rẹrẹ lábẹ́ Olúmọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ rí Abẹ́òkúta tó ń náwó, Òkè-Ìléwó ni kí ó wá. Ibẹ̀ ni àwọn báńkì tò sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta fóònù àti aṣọ òde, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ilé oúnjẹ ìgbàlódé ti ń pọ̀ sí i. Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀rẹ́ wa kan, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélógún, kó wa lọ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan. Mẹ́rin ni wá: òun fúnra rẹ̀, agbẹjọ́rò kan, obìnrin, tí wọ́n bí sí àdúgbò àwọn Àgùdà ní ìlú Èkó, olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ará Ìtòkò, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, àti èmi. N kò ní dárúkọ ilé oúnjẹ náà, nítorí kì í ṣe ẹjọ́ tirẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ dá.

Ara ògiri ni wọ́n kọ ọ́ sí pé Latin fusion ni oúnjẹ ibẹ̀. Bàbá ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo ní Látìn ni wọ́n ń pe àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń sọ èdè Sípéènì àti ti Potogí, láti Mẹ́síkò títí dé Bràsíìlì. Fusion ní tirẹ̀, àdàlù ni.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. “Àdàlù kẹ̀? Ẹ̀wà àti àgbàdo tí ìyá mi ń sè fún wa nígbà tí owó bá wọ́n, òun ni wọ́n gbé wá sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù yìí?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí mo ṣe yìí kò kúrò lọ́kàn mi ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀wà jẹ́ ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín. Mẹ́síkò ni àgbàdo ti ṣẹ̀ wá, lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ré òkun Àtìláńtíìkì kọjá ni ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìkòkò àdàlù nígbà náà jẹ́ ibi tí Áfíríkà àti Amẹ́ríkà ti jókòó pọ̀ tipẹ́tipẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sára ògiri.

Ohun ọ̀ṣọ́ ibẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Akẹtẹ̀ Mẹ́síkò fẹ̀gbẹ́ kan ògiri, àwòrán Che Guevara wà ní tòsí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, orin sálísà ń dún ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwé oúnjẹ wọn ló tó kà. Ojú ewé rẹ̀ àkọ́kọ́, tí wọ́n tẹ̀ sórí páálí dídán, ni wọ́n to àwọn oúnjẹ tí wọ́n pè ní ti àgbáyé sí. Ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́yìn àwọn ọtí, ni wọ́n fi àwọn oúnjẹ ìbílẹ̀ sí: ìrẹsì ọ̀fadà, iyán, àmàlà láfún. Bàbá ṣí i dé ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní òun kò lè fi ọjọ́ ogbó jẹ oúnjẹ àjèjì. Kí wọ́n bá òun gbé láfún wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ata àti ewédú.

Ọ̀rẹ́ wa ará Lọ́ńdọ̀nù pàṣẹ fún àwa yòókù. Ohun àkọ́kọ́ tó ní kí wọ́n gbé wá ni acarajé, ẹyọ mẹ́ta, ₦9,000. Ọmọbìnrin agbáwo tó ń tọ́jú wa, ọmọ bí ogún ọdún, ṣàlàyé lédè Gẹ̀ẹ́sì tó ti kọ́ sórí pé oúnjẹ tó gbayì gan-an ni ní Bràsíìlì, ẹ̀wà ni wọ́n fi ń ṣe é, àwọn ará Bahia ló ni ín.

Wọ́n gbé e dé lórí páńpẹ́ igi pẹlẹbẹ, ewé sàláàdì lábẹ́ rẹ̀. Agbẹjọ́rò gé díẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó wò mí lójú.

“Ọ̀mọ̀wé, kí lẹ pe èyí?”

“Àkàrà ni.”

“Mo mọ̀ pé àkàrà ni. Ṣé òun náà mọ̀?” Ó fi ẹnu tọ́ka sí ìwé oúnjẹ.

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín rọ̀ mọ́. Kí òǹkàwé mi jẹ́ kí á kọ́kọ́ rántí bí àkàrà ṣe dé Bahia. Ní àwọn ọdún 1820, lẹ́yìn ìṣubú Òwu, ogun tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká nínú igbó wọn. Àwọn tó ṣẹ́ kù tẹ̀ lé Ṣódẹkẹ́ wá sí abẹ́ Olúmọ ní 1830. Ìtàn tí a máa ń kọ́ àwọn ọmọ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò dé abẹ́ Olúmọ. Wọ́n kó wọn gba etí òkun, wọ́n dì wọ́n sínú ọkọ̀ lọ sí Bahia àti Kúbà pẹ̀lú àwọn ọmọ Yorùbá mìíràn. Nàgó ni wọ́n pè wọ́n ní Bahia, wọ́n pè wọ́n ní Lùkùmí ní Kúbà. Ní ìlú Salvador, àwọn olówó ẹrú a máa rán àwọn obìnrin jáde láti kiri ọjà ní ìgboro. Iye kan pàtó ni wọn yóò san fún olówó wọn. Èyí tó bá lé lórí rẹ̀, wọn a fi pamọ́. Àwọn kan nínú wọn ṣa owó bẹ́ẹ̀ jọ títí wọ́n fi ra ara wọn padà, ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú kí Bràsíìlì tó fòpin sí ẹrú níní ní 1888. Àkàrà wà lára ohun tí wọ́n ń tà. Ọwọ́ àwọn olórìṣà ibẹ̀ ni ó sì wà gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ Ọya. Orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀, àkàrà ni pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe wa “jẹ”. Èdè Potogí kò ní ohùn bíi ti tiwa, nítorí náà wọ́n tẹ ìparí rẹ̀ mọ́lẹ̀ gírígírí, etí wa kò sì tètè dá a mọ̀ mọ́.

Ohun tí ó yẹ kí á wò dáadáa ni bí àwọn obìnrin Bahia ṣe ń dín in. Epo pupa ni. Òkun, ẹrú, ọlọ́pàá tó ń lé àwọn olórìṣà kiri, kò sí èyí tó mú kí wọ́n fi epo sílẹ̀. Bí ó bá jinná tán, wọn a là á, wọn a fi vatapá sí i, ìyẹn àpòpọ̀ búrẹ́dì, ẹ̀pà, omi àgbọn àti edé. Wọn a fi ọbẹ̀ ilá kún un, àti ata. Ohun tí wọ́n gbé wá bá wa ní Òkè-Ìléwó ńkọ́? Òróró funfun ni wọ́n fi dín in. Kò sí edé, kò sí ilá. Máyónéèsì ni wọ́n fi dípò gbogbo rẹ̀. Àwa náà ti fi òróró rọ́pò epo ní ilé wa, mo mọ̀, n kò sì lè fi ìyẹn bá alásè wí. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn gba owó Bahia lọ́wọ́ oníbàárà, kí ó sì yọ ohun tí Bahia fi ìyà tọ́jú kúrò nínú rẹ̀, ní ilẹ̀ tí ọ̀pẹ ti ń hù, kò dára. Ẹ̀wà rẹ̀ pàápàá, ẹ̀rọ ló lọ̀ ọ́ kúnná jù, kò sì sí ẹni tó pò ó kí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀. Ó le. Bí ìyá alákàrà kan bá dín irú rẹ̀ ní Kútọ̀, yóò gbé e padà sílé.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà níbẹ̀. Ní Salvador, àwọn kan tó ti di ọmọ ìjọ ajíhìnrere ń dín àkàrà yìí kan náà, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí ó ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú Ọya, wọ́n bá sọ ọ́ ní bolinho de Jesus, bí ẹni wí pé àkàrà Jésù. Inú àwọn alákàrà yòókù kò dùn sí i rárá. Ní 2005, àjọ ìjọba Bràsíìlì tó ń tọ́jú ohun àjogúnbá, IPHAN, forúkọ iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà Bahia sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí eré bọ́ọ̀lù àgbáyé fẹ́ dé, tí ó dà bí ẹni pé òfin FIFA yóò lé wọn kúrò níwájú pápá ìṣeré Fonte Nova, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn títí wọ́n fi rí àyè níbẹ̀ ní 2013. Báyìí ni wọ́n ṣe ń jà fún un lọ́hùn-ún. Níhìn-ín, ojú wa ni a fi ń wò ó bí àlejò.

Agbẹjọ́rò sọ tirẹ̀. Ó ní nílé ìyá-ìyá òun ní Èkó, kò sí Ọjọ́ Ẹtì Rere tí wọn kì í se fùrẹ́jọ̀n: ẹ̀wà tí wọ́n sè tó rọ̀, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi omi àgbọn àti ṣúgà sè, tí wọ́n sì fi ọbẹ̀ ẹja jẹ. Ọ̀rọ̀ Potogí fún ẹ̀wà ni orúkọ yẹn ti wá. “Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún wa nígbà náà pé Látìn la jẹ́,” ni ó wí. “Màmá Àgbà kàn ń bínú bí àgbọn bá kéré ni.”

Bàbá ti ń ba àmàlà rẹ̀ lọ láìbá wa dá sí i. Mo ní: “Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Nínú gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì yìí, tiyín ló jẹ́ ti Látìn jù.” Ó dáwọ́ dúró. Mo ṣàlàyé fún un pé Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn ènìyàn ti kọ́kọ́ gbin ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe láfún, pé àwọn Potogí ló gbé e ré òkun kọjá, àti pé lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí Bahia ní 1835, nígbà tí àwọn Àgùdà ń padà wálé, ni ọgbọ́n fífún oró rẹ̀ dànù àti yíyan án ní gààrí tó tàn kálẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ata tó wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà ni. Tòmátì náà, bẹ́ẹ̀ ni. Àkàrà tó kọ̀ láti fọwọ́ kàn sì rèé, ẹ̀wà àti àlùbọ́sà lásán.

“Ọ̀mọ̀wé,” ni Bàbá wí, “bàbá bàbá mi jẹ ẹ́, bàbá mi jẹ ẹ́, èmi náà ń jẹ ẹ́. Bí àlejò bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nílé ẹni, tó ti bímọ síbẹ̀, ta ni yóò tún máa pè é lálejò?”

N kò rí èsì fọ̀, mo sì rò pé òun ló jàre. Fernando Ortiz, ọ̀mọ̀wé ará Kúbà, fi orílẹ̀-èdè rẹ̀ wé ajiaco ní 1939, ìyẹn ìkòkò ọbẹ̀ tí kì í kúrò lórí iná, tí wọ́n ń fi nǹkan tuntun kún nígbà gbogbo: èyí tó wà nísàlẹ̀ ti yọ́ pátápátá, èyí tó wà lókè ṣì le. Láfún ti yọ́ sínú ìkòkò Ẹ̀gbá. Bí ó bá wá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀sùn mi sí ilé oúnjẹ yìí kì í ṣe pé ó da nǹkan pọ̀, nítorí kò da ohunkóhun pọ̀. Ó kàn pín in sí ojú ewé méjì ni. Ohun tó wá láti Bràsíìlì, ó fi sẹ́yìn, ó sì pè é ní ìbílẹ̀. Ohun tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ, ó fi síwájú, ó sì pè é ní ti àgbáyé. Iye owó tẹ̀ lé ojú ewé, kò tẹ̀ lé iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀rẹ́ wa ará Lọ́ńdọ̀nù ní n kò gbọdọ̀ fi ìtàn ba oúnjẹ jẹ́. Bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òun náà ló ti ń sọ láti ìrọ̀lẹ́ pé a kò jẹ irú àkàrà yìí rí.

Kí n má ṣe jẹ́ aláìmoore: ẹja wọn dùn. Ọ̀bọ̀kún ni, wọ́n fi omi àgbọn, tòmátì, ata àti epo pupa gidi sè é bí àwọn ará Bahia ti ń ṣe, ọ̀rá epo náà ń dán lójú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó rántí sọ̀rọ̀ títí a fi rí ìsàlẹ̀ àwo. Alásè tó lè ṣe ìyẹn mọ ohun tí epo wà fún. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ àkàrà yẹn ṣe dùn mí jù.

Nígbà tí ọmọbìnrin agbáwo dé láti kó àwo, mo ní kí ó tún dárúkọ oúnjẹ wa àkọ́kọ́ fún mi, kí ó rọra pè é. Ó pè é. Mo ní kí ó pè é bí ẹni pé Yorùbá ni. Ó tún un pè, ó dákẹ́, ó wá fọwọ́ bo ẹnu.

“Àkàrà jẹ! Háà, sà! Àkàrà kẹ̀!” Gẹ̀ẹ́sì ti bọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ìyá òun ń dín àkàrà ní Pànṣẹ́kẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ gbogbo. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi san owó ilé ìwé òun títí òun fi jáde. Ó ní láti oṣù mẹ́ta tí òun ti ń gbé e fún àwọn ènìyàn, òun kò tọ́ ọ wò rí, nítorí wọn kì í fún àwọn jẹ níbẹ̀.

Ẹyọ kan ṣì kù. Bàbá fà á sọ́dọ̀, ó gé e sí méjì, ó na ìdajì sí ọmọbìnrin náà. Ó wẹ̀yìn kí ó tó gbà á. Ó jẹ ẹ́, ó fajú ro díẹ̀.

“Ó le, sà.”

“Èmi náà rí i bẹ́ẹ̀,” ni Bàbá wí. “Ẹ̀kọ ni ì bá bá a mu. Ṣé ẹ ní ẹ̀kọ?”

Ó ní ẹ̀kọ kò sí nínú ìwé oúnjẹ àwọn. Ó tún wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní bí Bàbá bá lè dé Pànṣẹ́kẹ́ lọ́la kí aago méje tó lù, kí wọ́n sọ fún ìyá òun pé òun ló rán wọn wá. Yóò bá wọn fi ẹ̀kọ méjì pamọ́.